Ọkùnrin tí Ọ̀fun Ìràwọ̀ Kò Tíì Gbé Mì

Ẹ wá ìjókòó tó dúró dáadáa. Ẹni tó bá ní ikọ́, kó lọ wú u tán kó tó padà wá, ẹni tó bá sì mọ̀ pé òun a máa já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà, kó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó mi, nítorí òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń pa irú wọn lẹ́nu mọ́. Èmi ni Ọdẹ́rìnlọ, ọmọ Ògúnbíyìí tó yìnbọn pa ẹfọ̀n méjì láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, tó sì tún rí àyè lọ kọ ebè lọ́sàn-án. Mo ti bá ẹkùn sùn sábẹ́ igi kan náà. Èmi rò pé ìtì igi ni, òun náà rò pé òkúta ni mí, nígbà tí a jọ jí, kálukú ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnì kejì. Mo ti rí òbúkọ tó ń fi èdè wa bú ìyá ẹni. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo igbó tí mo ti wọ̀, ọ̀kan ṣoṣo ló wà tí n kò lè fi yangàn, tó jẹ́ pé ìyanu rẹ̀ ṣì ń bá mi gbé títí dòní. Òun ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Gbogbo yín lẹ mọ Ọ̀fun Ìràwọ̀, ihò tó wà nínú igbó jíjìn lẹ́yìn odò Awẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ gbogbo wa nípa rẹ̀ ni pé ìràwọ̀ ńlá kan jábọ́ síbẹ̀ láyé àwọn baba ńlá wa, pé ó jó igi ìdáná inú rẹ̀ tán, ilé rẹ̀ wá wó lé e lórí, ó ń wó, ó ń kéré, títí ó fi di ihò tí kò ní ìdí. Wọ́n ní ohunkóhun tó bá kọjá òkúta funfun tó wà létí ibẹ̀, ó parí fún un, pé ìmọ́lẹ̀ pàápàá bá wọlé, kò ní padà jáde. Àwọn tíṣà sọ ọ́, àwọn àgbà ọdẹ sọ ọ́. Èmi náà ti sọ ọ́ fún èèyàn tó tó ogójì, mo sì ń fi iyọ̀ díẹ̀díẹ̀ sí i bí mo ṣe ń sọ ọ́. N kò dé ibẹ̀ rí. Àwọn tó sọ fún mi náà kò dé ibẹ̀.

Ọ̀gá mi nínú iṣẹ́ ọdẹ ni Ògúnṣeyè. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń fi etí wá ẹran kí ojú tó rí i. Lọ́jọ́ kan, òun àti ọdẹ méjì mìíràn tọ ipasẹ̀ ẹtu kan kọjá odò Awẹ̀. Àwọn méjì padà wálé, ọ̀gá mi kò padà. Wọ́n ní ó yọ́ rìn kọjá òkúta funfun, pé lójú àwọn ni ara rẹ̀ ṣe pọ́n bí osùn, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, tí àwọn kò sì rí i mọ́. Olúọ́dẹ wa, Baba Ọdẹ́tọ́lá, mi orí. Ó ní, "Ọ̀fun Ìràwọ̀ ti gbé e mì. Ẹ jẹ́ ká múra ìṣípà."

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọdẹ, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Bí ọdẹ bá kú, a ó kó aṣọ ọdẹ rẹ̀, fìlà rẹ̀ àti àpò rẹ̀ sínú agbọ̀n, a ó gbé e lọ sínú igbó, a ó sun ìrèmọ̀jé, orin ìdárò ọdẹ, a ó sì sọ fún òkú náà pé kó má bá wa dẹgbó mọ́. Ìyẹn ni ìṣípà. Bí a bá ti ṣe é tán, kò sí àtúnṣe. Nílùú tiwa, Òkè-Àràbà, bí ẹni tí a ti ṣípà fún bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, iwin là ń pè é, àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an ni yóò sì fi ìbọn lé e padà sígbó. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Olúọ́dẹ. Mo ní, "Baba, ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Bí n kò bá rí i, ẹ ṣe é." Ó wò mí tàánútàánú. Ó ní, "Ọdẹ́rìnlọ, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ò ti bọ̀, ṣé ìwọ ló máa ti bọ̀?" Ṣùgbọ́n ó fún mi ní ọjọ́ náà.

N kò ní fi oúnjẹ tí mo jẹ lọ́nà dá yín lágara. Lọ́jọ́ kẹrin, mo dé ibi tí ọ̀nà ti há láàárín àpáta méjì, mo sì bá ọkùnrin kan tó jókòó, tó kọ ẹ̀yìn sí mi, tó sì ń wò mí. Bẹ́ẹ̀ ni. Ìpàkọ́ rẹ̀ ni ojú rẹ̀ wà. Ó ní Olójú-Ẹ̀yìn ni orúkọ òun, pé ohun tó bá ti kọjá nìkan lòun ń rí, pé ẹni tó bá fẹ́ kọjá gbọ́dọ̀ dá òun lóhùn. Ó ní, "Kí ló kúrò nílé kí wọ́n tó bí baba ńlá rẹ, tó jẹ́ pé òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ojú rẹ?" Mo ronú títí. Mo ní, "Ẹjọ́ ilẹ̀ ni." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ọrùn. Ó ní òun lè sọ ìdáhùn náà fún mi, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ fi ìtàn kan san án, ìtàn ọjọ́ tí ojú tì mí, tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ mọ bí irú ìyẹn ṣe ń dun ọdẹ tó. Ìbá ní kí n fi ìbọn mi sílẹ̀, ìbá sàn. Ṣùgbọ́n mo ronú kan ọ̀gá mi, mo sì sọ ọ́. Mo sọ ti ọjọ́ tí àgbò ìyá alákàrà kan lé mi gun igi ọsàn, tí mo wà lórí igi títí oòrùn fi wọ̀, tí mo ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá pé mò ń wò ó bóyá ọsàn náà ti pọ́n. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, mo gbà. Nígbà tí Olójú-Ẹ̀yìn rẹ́rìn-ín tán, ó ní, "Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ni. Ọ̀nà rẹ̀ jìn. Èyí tó o rí lónìí ti kúrò nílé tipẹ́tipẹ́. Ẹ̀ ń fi mí ṣẹ̀sín pé ẹ̀yìn ni mò ń wò, ẹ̀yìn ni gbogbo yín náà ń wò. Máa lọ, kó o sì bá mi kí Ìyá Kànga." Mo kọjá, ojú ń tì mí, orí mi sì wú.

Lọ́jọ́ kẹfà ni mo dé ọ̀dọ̀ àwọn Ará Kànga. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ kan ni, kànga gbígbẹ méje ló wà níbẹ̀, àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan sì jókòó sí ìsàlẹ̀ kànga kọ̀ọ̀kan, ọrùn wọn gùn bí ti lékeléke, wọ́n gbójú sókè. Láti ìsàlẹ̀ kànga wọn, wọ́n ń rí ìràwọ̀ ní ọ̀sán gangan. Mo dúró sí ẹnu èyí tó tóbi jù, ohùn obìnrin kan sì jáde láti ìsàlẹ̀.

"Ta ló ṣíji bò mí? Mò ń wo nǹkan."

"Ẹ má bínú, Ìyá. Ọdẹ ni mí. Mò ń wá ọ̀gá mi tó kọjá òkúta funfun létí Ọ̀fun Ìràwọ̀."

"Háà. Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Sọ̀ kalẹ̀ wá."

Mo sọ̀ kalẹ̀. Ìyá yìí ni wọ́n ń pè ní Ìyá Kànga, òun ló sì kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn ìràwọ̀ tó wó, kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tíṣà wa. Ó tún un sọ fún mi. Ó ní iná inú ìràwọ̀ ló ń gbé òrùlé rẹ̀ ró, pé bí igi bá tán, òrùlé á bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Ó ní bí ìràwọ̀ náà bá kéré, ó máa wó dé ibì kan, á dúró. Ṣùgbọ́n bó bá tóbi jù, kò sí òpó tó lè gba òrùlé náà dúró, á máa wó, á máa wó, títí á fi kéré ju ẹyọ iyanrìn kan lọ, ìwúwo rẹ̀ kò sì ní dín rárá. Òkúta wẹ́wẹ́ ló fi ń ṣe ìṣirò rẹ̀ nílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìṣi ọ̀kan gbé. Ọ̀ọ́dúnrún ọdún ló ti fi ń ṣe é. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí ọba tó gun ẹṣin funfun, n kò rí ohun tó ní ọlá bí ìyá àgbà yìí, tó jókòó sínú ihò, tó ń wọn ohun tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò lè kàn. Ọkàn mi wúrí fún un. Síbẹ̀, ọdẹ lọdẹ ń jẹ́. Ìròyìn kò tó àfojúbà.

Mo ní, "Ìyá, ẹ forí jì mí. Ìràwọ̀ wo lẹ rí tó wó tán?"

Ó ní, "Kí lo wí?"

"Mo ní èyí tó wó tán. Nínú iṣẹ́ tiwa, bí mo bá ní mo pa ẹran, wọ́n á ní kí n mú ìrù rẹ̀ wá. Ẹran tó wúwo bí erin tí kò sì tó ẹyọ iyanrìn, n kò tíì rí ipasẹ̀ irú rẹ̀. N kò ní kò sí o. Mo kàn ń béèrè ẹni tó rí i."

Ó gbé òkúta ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Mo rò pé mo ti rí ìjà. Ṣùgbọ́n ó rọra sọ̀rọ̀. "Ọ̀kan wà tí mo ti ń wò láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọge. Ó ń wó. Bó ṣe ń wó ló ń pọ́n, ó ń ṣú, wíwó rẹ̀ sì ń falẹ̀ sí i. Lọ́dọọdún ló ń falẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò mi, ó ti wó tán tipẹ́. Gẹ́gẹ́ bí ojú mi…" Ó nu ojú rẹ̀. "Gẹ́gẹ́ bí ojú mi, kò tíì wó tán. Ẹni tó bá wà nínú ilé tó ń wó, lójú tiẹ̀, kíá ni. Ẹni tó bá ń wò ó láti òkèèrè, lójú tiẹ̀, kì í tán. Ìtàn méjì ni. Èyí àkọ́kọ́ la gbé lọ fáyé, torí òun ló dùn ún sọ."

Mo dìde dúró. Mo ní, "Ìyá, a jẹ́ pé ọ̀gá mi ò tíì wọnú ihò náà. Wọ́n ní ó pọ́n, ó ṣú. Wọn ò ní ó jábọ́."

Ó kọjú sí mi. Ó ní, "Láti ọ̀ọ́dúnrún ọdún, kò sẹ́ni tó fi ọ̀rọ̀ yìí béèrè èèyàn lọ́wọ́ mi rí."

Ó ní kí n di ojú mi, kí n jókòó sínú òkùnkùn kànga títí ojú mi á fi gbàgbé oòrùn, nítorí ìmọ́lẹ̀ tó rẹ̀ kì í hàn sí ojú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú oòrùn bọ̀. Ó ní àwọn ọdẹ méjì yẹn kò fara balẹ̀ ni wọn kò fi rí i. Ó tún kìlọ̀ fún mi pé lẹ́yìn òkúta funfun, èémí kan ṣoṣo tí mo bá mí níbẹ̀ jẹ́ ọjọ́ kan lóde. Mo ṣírò. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi wá, mẹ́fà ni n ó fi padà, ó ku márùn-ún. Mo ní, "Ìyá, kò burú, mo lè sé èémí mi títí n ó fi ka ọgọ́rùn-ún." Ó ní, "Ọjọ́ ò bẹ̀rù ẹ̀dọ̀fóró ẹ. Sé e tàbí mí i, ọjọ́ á máa lọ." Ohun tó gbà lọ́wọ́ mi nìyí: pé bí mo bá bọ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tí mo rí fún òun, ohun tí mo rí nìkan, láìfi iyọ̀ kankan sí i. Ẹ̀yin ará, ọdẹ tí kò gbọdọ̀ fi iyọ̀ sí ìtàn. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ìrìn àjò náà le.

Nítorí ìlérí yẹn, ibi tó kù yìí, bí mo ṣe rí i gan-an ni n ó ṣe sọ ọ́. Òkúta funfun kò jìnnà sí kànga náà. Mo fi aṣọ di ojú mi, mo fi ọ̀pá wá ọ̀nà débẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, mo sì ṣí ojú mi díẹ̀díẹ̀. Ọ̀fun Ìràwọ̀ dúdú ju ohun tí mo lè fi wé e lọ, ṣùgbọ́n òrùka ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín kan yí i ká, àwọn igi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì hàn lápá ọ̀tún àti lápá òsì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó rẹwà. Ó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbàgbé ohun tí mo wá ṣe fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí ọ̀gá mi. Ó pọ́n bí ẹyin iná tó fẹ́ kú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ẹsẹ̀ kan wà lókè, ìbọn wà léjìká rẹ̀, ẹtu rẹ̀ wà níwájú rẹ̀ létí ihò gan-an, kò sì sí èyí tó ń mira nínú àwọn méjèèjì. Ó ṣì ń yọ́ rìn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń múra òkú rẹ̀, ìṣísẹ̀ díẹ̀ péré ló tíì gbé. Ó sì ku ìṣísẹ̀ mẹ́ta kó wọnú ihò.

Mo wọlé. Bí mo ṣe kọjá òkúta náà, ohun gbogbo padà sí bó ṣe yẹ kó rí, àwọ̀ ọ̀gá mi dán, ẹsẹ̀ rẹ̀ balẹ̀. Èémí kan, èémí kejì, mo ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbọ́ mi. Láìwẹ̀yìn, ó gbé ọwọ́ òsì sókè, ó na àtẹ́lẹwọ́. Ẹ̀yin ọdẹ tó wà níbí mọ ohun tí ìyẹn ń jẹ́: dákẹ́, má mira, mo ti rí ẹran. Bí ọ̀gá bá gbé ọwọ́ yẹn, ọmọ ọdẹ kì í sọ̀rọ̀, kì í fọwọ́ kàn án, a kì í sì í pe orúkọ ọdẹ nínú igbó rárá. Ọdún mọ́kànlá ni Ògúnṣeyè fi kọ́ mi ní ìyẹn. Mo dúró gbọin. Ẹ gbọ́ o, mo mọ̀ pé ọjọ́ ń lọ, mo mọ̀ pé wọ́n ń hun agbọ̀n nílé, síbẹ̀ mo dúró bí òmùgọ̀, nítorí ọ̀gá mi gbé ọwọ́ sókè. Èémí kẹta, ìkẹrin, ìkarùn-ún, ìkẹfà, ìkeje. Ó gbé ìṣísẹ̀ kan. Ó gbé èkejì. Nígbà tó gbé ẹsẹ̀ fún ẹ̀kẹta ni ẹ̀rù ikú rẹ̀ tó borí ẹ̀rù rẹ̀ lára mi. Mo di ìgbànú rẹ̀ mú, mo sì fi gbogbo ohùn mi pe orúkọ rẹ̀.

Ẹtu náà fò, ẹ̀rù bà á, ó fò sínú ihò. Bí mo ṣe ń wọ́ ọ̀gá mi sẹ́yìn, mo wò ó. Kò pòórá. Ó ń falẹ̀, ó ń pọ́n, ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ mẹ́rin rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Títí a fi kọjá òkúta funfun, tí mo tún bojú wẹ̀yìn, ó wà níbẹ̀. Èémí mẹ́sàn-án ni gbogbo rẹ̀.

Ọ̀gá mi fi ìdí ìbọn lù mí léjìká. "Ọdẹ́rìnlọ! Ta ní kó o wá? O pe orúkọ mi níwájú ẹran! Ẹtu tí mo ti ń tọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ yẹn!"

Mo ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Wọ́n fẹ́ ṣípà fún yín."

Ó ní, "Fún èmi? Láàárọ̀ yìí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹ̀wà ní bùdó wa?"

Ó ń ráhùn lórí ẹtu náà títí a fi dé àwọn kànga. Níbẹ̀ ni mo ti jíṣẹ́ fún Ìyá Kànga. Òkìtì òkúta wẹ́wẹ́ méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀kan fún ohun tí wọ́n ti mọ̀ tán, ọ̀kan fún èyí tí wọ́n ṣì ń wò. Mo ní, "Mo rí etí rẹ̀. Mo rí ẹtu tó wọlé, n kò sì rí i kó wọlé tán. Ohun tó wà nínú rẹ̀, n kò mọ̀." Ó ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ. Ó mú òkúta kan láti inú òkìtì àkọ́kọ́, ó gbé e sórí ìkejì, kò sì sí ìbànújẹ́ kankan lójú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí wọ́n dá nǹkan rẹ̀ tó sọnù padà fún. Bí mo bá dàgbà tó ìyẹn, mo fẹ́ lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ ti lọ. Èémí mẹ́sàn-án, ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọjọ́ kọkànlélógún la yọ sí Òkè-Àràbà, ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ọjọ́ tí mo dá. Ọ̀gá mi ti mọ bí ọjọ́ ṣe lọ wàyí, kò bínú mọ́. Nígbà tí a rí òrùlé ilé àkọ́kọ́, ó dúró. Ó ní, "Ọdẹ́rìnlọ, bí wọ́n bá ti ṣe é, má bá wọn jà. N ó padà sígbó." Mo sunkún. Mo ń sọ ọ́ láìtijú.

A gba ẹ̀yìnkùlé dé agboolé rẹ̀. Olúọ́dẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àwọn àgbà ọdẹ, agbọ̀n òfìfo wà nílẹ̀. Àyọ̀ká, ìyàwó ọ̀gá mi, jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá, ó jókòó lé aṣọ ọdẹ ọkọ rẹ̀, fìlà àti àpò wà lábẹ́ itan rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló ti jókòó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti bẹ̀ ẹ́, wọ́n ti bú u, àwọn tíṣà ti wá ṣàlàyé Ọ̀fun Ìràwọ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò jiyàn. Kò ṣáà dìde. Nígbà tó rí ọkọ rẹ̀, kò pariwo. Ó fà á létí aṣọ, ó gbá a mú ní orúnkún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Olúọ́dẹ ṣí fìlà. Ó ní, "Àyọ̀ká, gbogbo wa la gbà pé ó ti kú. Báwo ni ìwọ ṣe mọ̀ pé kò kú?"

Ó nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Mi ò mọ̀, Baba. Mi ò tíì rí òkú ni."

Ibi tí ẹsẹ̀ mi dé nìyẹn. Ibi tí kò dé, ẹ má ṣe bi mí léèrè.